Pankẹ́rẹ́ Tó Ń Tọ́jọ́: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

 

Lẹ́yìn tí a ti sọ̀rọ̀ títí lórí ẹ̀wà àti èlùbọ́, ó tó gẹ́ẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀pá. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní Òkè-Ògùn níbí, àwọn tó ń ra ọ̀pá pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Bí ọdún eégún bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á ti máa yí ìsọ̀ po, wọ́n á máa bèèrè àtòrì àti pankẹ́rẹ́. Fúlàní darandaran ń wá èyí tí yóò máa gbé lé èjìká tẹ̀lé màlúù. Bàbá àgbà ń wá èyí tí yóò fi tilẹ̀. Oníṣẹ́ àga ń wá èyí tó gùn, tó sì ṣeé tẹ̀. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ ọ̀pá tí kò ní tètè ṣẹ́, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó mọ bí a ṣe ń yàn án ju ẹni tó ń tà á lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àbí?

Ẹ̀sùn tó pọ̀ jù tí à ń gbọ́ ni pé ìdì pankẹ́rẹ́ tó dán gbinrin nígbà tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, ìyẹ̀fun ti ń dà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní èèyàn ra ọ̀pá 50 ní ₦500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó tó ná jẹ́ ₦25,000. Ó fẹ́ máa tà á ní ₦700, kí ó lè jẹ èrè ₦10,000. Bí kòkòrò bá jẹ 15 nínú rẹ̀, ó ku 35. Márùndínlógójì ní ₦700 jẹ́ ₦24,500. Owó tó fi rà á gan-an kò tíì pé, ká má ì tíì sọ owó mọ́tò àti owó alábàárù. Ìdá mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá ló bàjẹ́, àmọ́ èrè ti lọ pátápátá, owó ọjà náà sì ti fẹ́ máa dín.

Kí ni pankẹ́rẹ́ gan-an? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun àti ọparun, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Rárá o. Koríko ni ọparun nínú ìdílé tirẹ̀, inú rẹ̀ sì dá ihò. Inú ìdílé ọ̀pẹ ni pankẹ́rẹ́ ti wá. Ó ń fa lórí igi bí okùn, ẹ̀gún ló bo epo ara rẹ̀ nígbà tó wà nínú igbó, inú rẹ̀ kò sì dá ihò rárá. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé, ẹ ó rí ihò wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́. Àwọn ihò yẹn ni omi fi ń gòkè nínú rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, àárín wọn sì ni fọ́nrán líle wà, tó lọ tààrà láti ìdí dé orí.

Fọ́nrán yẹn ló jẹ́ kí pankẹ́rẹ́ dára fún ọ̀pá. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, lọ́hùn-ún ní Éṣíà, eré ìjà ọ̀pá kan wà tí wọ́n ń pè ní Arnis. Ìjọba wọn fi òfin sọ ọ́ di eré ìdárayá orílẹ̀-èdè ní ọdún 2009. Ọ̀pá tí wọ́n ń lò gùn tó bí ínṣì 28, ó sì ki tó bí ínṣì kan. Pankẹ́rẹ́ ni. Kì í ṣe pé igi líle wọ́n wọn o. Wọ́n ní igi tó le bí irin. Ṣùgbọ́n fún ìdánrawò, tí ọ̀pá á máa na ọ̀pá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pankẹ́rẹ́ ni wọ́n ń mú. Igi líle tó bá máa ṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń ṣẹ́, èérún rẹ̀ á sì fò. Pankẹ́rẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tú ní fọ́nrán fọ́nrán, bí ìdí ìgbálẹ̀ tó ti gbó, ẹni tó mú un lọ́wọ́ á sì ti rí i pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé kí ó tó já.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ta fún àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ na ara wọn lọ́jọ́ eégún, tó sì ń pè é ní pankẹ́rẹ́, iṣẹ́ burúkú ló ń ṣe. Ọparun máa ń là gbọọrọ ni, etí rẹ̀ á sì mú bí abẹ. Ojú ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí à ń fi jèrè igba náírà. A sọ ọ́ bí ó ṣe rí, ẹni tó bá bínú kó bínú.

Ó yẹ ká mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀nà jíjìn ni pankẹ́rẹ́ ti ń wá bá wa. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, dé Ìgbòho àti Kìṣí. Pankẹ́rẹ́ tó nípọn fẹ́ràn igbó dúdú àti etí omi, bíi ti apá Oǹdó, Ẹdó, Delta àti Cross River. Inú afẹ́fẹ́ tó rin ló ti dàgbà. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa nínú ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń gbẹ ètè èèyàn, omi ara rẹ̀ á máa jáde ní kíákíá. Ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ, ló bá sán. Bó bá sì jẹ́ ìgbà òjò ló dé, tí wọ́n dì í pa pọ̀ sínú tapólì láti Ìbàdàn, á bu. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà yìí nílùú wa yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ní Mende ní Maryland, l'Ékòó, níbi tí àwọn oníṣẹ́ àga pankẹ́rẹ́ pọ̀ sí. Bí ẹni tó ń kó o wá fún wa bá ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó nìyí," ẹ rántí pé Èkó kò ní ọyẹ́ bíi tiwa.

Ó ku bí a ṣe ń yàn án. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ má jẹ́ kí oníbàárà yín sọ ìdì kalẹ̀ kí ó sì máa ka owó. Ẹ tú u.

Ìwúwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ mú ọ̀pá méjì tó gùn bákan náà, tó sì ki bákan náà, ẹ gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gbé èkejì sí ọwọ́ òsì. Èyí tó bá gbẹ tó sì tún wúwo ni ọ̀gá. Ìsàlẹ̀ pankẹ́rẹ́, lápá ibi tó ti hù, ni fọ́nrán rẹ̀ ti há jù. Apá òkè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, rọ̀ bíi fóòmù, bí wọ́n tilẹ̀ fá a tó ń dán. Àwọn tó ń gé e máa ń pa méjèèjì pọ̀ nínú ìdì kan, torí náà owó kan náà kọ́ ló yẹ kí ẹ san fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: èyí tó ṣì tutù náà máa ń wúwo, omi ni ẹ ń rà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ojú ibi tí wọ́n gé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín tí ó tutù rìn, kò tíì gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó ṣubú lórí sìmẹ́ńtì, kó máa ga ju orúnkún lọ. Èyí tó gbó, tó sì gbẹ, ohùn rẹ̀ á dún kọ́ọ́, á sì ta padà. Èyí tí inú rẹ̀ ti jẹrà á dún bọ̀ọ̀ bí ẹni ju àpò sílẹ̀. Etí àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọjà yìí ti mọ̀ ọ́n débi pé wọn kì í wo ojú ọ̀pá mọ́.

Ẹ fi èékánná tẹ ojú ibi tí wọ́n gé e. Bí èékánná bá wọlé wẹ́rẹ́, apá òkè ni tàbí kò gbó kí wọ́n tó gé e. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: funfun bí ọ̀rí tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ dára. Àbàwọ́n dúdú tàbí àwọ̀ aró nínú rẹ̀ fi hàn pé ó ti bu láti inú igbó, nígbà tí wọ́n gé e tán tí wọn ò tètè sá a. Ẹ̀yìn kan lè máa dán kí inú máa jẹrà, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ nípa iṣu.

Níkẹyìn, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ẹ lu ọ̀pá náà lé e lórí. Bí ìyẹ̀fun dídán bíi ti èlùbọ́ tí wọ́n kù bá dà sílẹ̀, kòkòrò wà nínú rẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ rí ihò. Ẹ má rà á. Ẹ má sì gbà á ní ẹ̀dínwó, torí kì í ṣe òun nìkan ni yóò bàjẹ́. Á ran èyí tó kù nínú ìsọ̀, á sì lè dé ara àga onígi àti òpó ìsọ̀ yín.

Kí ló ń wá níbẹ̀? Oúnjẹ ni. Inú pankẹ́rẹ́ ní ṣúgà àti sítáàṣì, bíi ti gbágùúdá. Kòkòrò kékeré tó ń jẹ ẹ́ kò ju orí ìṣáná lọ. Ẹnu ihò wínníwínní tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló máa ń yé ẹyin rẹ̀ sí, lójú ibi tí wọ́n gé. Ìdin rẹ̀ á wá máa jẹun lọ nínú, láìsí ẹni tó rí i. Ihò tí ẹ ń rí lẹ́yìn, ibi tí kòkòrò tó ti dàgbà gbà jáde lọ ni. Bí ẹ bá ti rí ihò, ó ti jẹun tán kí ẹ tó dé.

Bí ẹ bá mọ èyí, ẹ ó mọ ìdí tí fífín oògùn sí ara ọ̀pá kò fi ṣe nǹkan kan gúnmọ́. Oògùn wà lẹ́yìn, ìdin wà nínú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fọ́n èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Sniper sí ọjà. Májèlé gidi ni. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, ti mílílítà 100, lọ́jà wa. Ọ̀pá tí ẹ fín in sí, ọwọ́ ọmọdé ló ń lọ, ọwọ́ yẹn kan náà ló sì máa fi jẹ mọ́ínmọ́ín. Ìsọ̀ míì sì wà lọ́jà wa níbí tó jẹ́ pé pankẹ́rẹ́ dúró ti ògiri, àpò èlùbọ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá.

Ní Indonesia, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú pankẹ́rẹ́ gbogbo ayé ti ń wá, wọ́n máa ń se èyí tó nípọn nínú díísù gbígbóná. Díísù á lé omi jáde, á sì pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe ìyẹn, pẹ̀lú ohun èlò tí wọ́n fi ń pa iná. A ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan gbé díísù ka iná igi lẹ́yìn ilé ní Ṣakí. Ohun tí apá wa ká ni omi gbígbóná. Ẹ gé ọ̀pá sí gígùn tí ẹ fẹ́ tà á, ẹ wá dúrọ́ọ̀mù tó mọ́, ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa, ẹ kó wọn sínú rẹ̀ fún wákàtí kan. Ìdin á kú, díẹ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ á sì bá omi lọ. Ẹ ó rí i bí omi náà ṣe máa pọ́n bí àgúnmu. Ẹ dà á nù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú omi. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ọ̀dà lójú oòrùn ọ̀sán kí ó lè tètè gbẹ. Á gbẹ lóòótọ́, á sì ká kòrókòró, á tún sán. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ so ó rọ̀ lóòró láti orí, tàbí kí ẹ tò ó lórí igi ìdábùú mẹ́ta, kí ọ̀kan má fara kan èkejì. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ fi àpò bo apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ká fún ọ̀pá tó ki tó ínṣì kan, nínú òjò ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ọjà wọn ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ìwúwo rẹ̀ kò bá dín mọ́ ló ti gbẹ.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ ní ọ̀nà tiwọn, tó sì dára títí dòní: àjà. Orí àjà lókè ààrò ni wọ́n ń gbé àgbàdo irúgbìn sí, nítorí èéfín kì í jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn. Ọ̀pá tó bá lo oṣù kan lórí àjà á pọ́n bí ẹja yíyan, á gbẹ díẹ̀díẹ̀, kòkòrò kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà kan máa ń sọ pé ó ń rùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òórùn yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Bí ọ̀pá bá ti gbẹ tó sì wọ́, iná ló ń tọ́ ọ. Ẹ gbé ibi tó wọ́ sókè ẹyín iná, ẹ máa yí i, ẹ má jẹ́ kó dúró lójú kan. Bó bá ti gbóná débi pé ó rọ̀, ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ sí òdìkejì, kí ẹ dì í mú títí yóò fi tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣẹ́ àga ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ iná gáàsì ni tiwọn. Iná yìí máa ń mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ le sí i pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí àwọn oníjà ọ̀pá fi máa ń yan tiwọn lórí iná díẹ̀. Díẹ̀ la wí o. Èyí tó bá ti dúdú ti di gbígbẹ jù, kíké ló máa ké bí iṣu sísun tó jóná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi sáńdì-pépà fá ojúkò rẹ̀ kí ó má baà ha ọwọ́, ẹ sì fi òróró igi tí àwọn káfíńtà ń lò pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ nù ún. Òróró yìí ni kò ní jẹ́ kí ọyẹ́ fa gbogbo omi ara rẹ̀ tán. Ojú méjèèjì tí ẹ gé ṣe pàtàkì jù gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ yọ́ àbẹ́là sí i tàbí kí ẹ fi fáníìṣì dí i lẹ́ẹ̀mejì. Ṣebí ẹnu ihò yẹn ni kòkòrò ń wá? Bí ẹ bá tilẹ̀ fo gbogbo èyí tó kù, ẹ má fo ìyẹn.

Àtòrì yàtọ̀ díẹ̀. Igi kékeré ni, kì í ṣe ìdílé ọ̀pẹ, ohun tí èèyàn sì ń rà nínú rẹ̀ ni pé ó ń tẹ̀ láìṣẹ́. Tútù rẹ̀ ló ń fún un ní ìyẹn, nítorí náà kò ṣeé tọ́jú pamọ́ fún ọdún kan bíi pankẹ́rẹ́. Ẹ má rà á ju ohun tí ẹ lè tà tán kí ọdún eégún tó parí. Ẹ fi àpò tó tutù díẹ̀ wé e, kí ẹ sì pa á mọ́ sí òjìji. Bó bá ti gbẹ tó ń dún páù-páù nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Kí ó fi sọ́gbà.

Kí ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti gé ọjà náà pẹ̀lú. Igbó tí ìjọba àpapọ̀ sọ di Old Oyo National Park ní ọdún 1991 kò jìnnà sí wa, òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gé igi nínú rẹ̀. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá gbá ọjà mú lójú ọ̀nà, owó tí ẹ ti san sílẹ̀ kò ní padà.

Ní ti ìsọ̀, ẹ má ti ọ̀pá mọ́ abẹ́ páànù. Ooru ibẹ̀ lọ́sàn-án pọ̀ jù, ìrì òru sì ń kán sí i. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọjà tuntun tó bá dé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa wo bébà náà ní gbogbo ọjọ́ ajé kí ẹ tó ṣí ìsọ̀. Èyí tí ìyẹ̀fun bá dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi dáná ọbẹ̀.